Páálí Mẹ́fà Ojú Fèrèsé

Kọ́bọ̀ àádọ́ta ni wọ́n ń ta páálí mílíìkì òfìfo kan ní Ìkòtún lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Mẹ́fà ni mo rà, ó di náírà mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà náà á béèrè pé kí ló gbé mi dé ìdí páálí rírà, èmi tí páálí ẹja kún ẹ̀yìnkùlé mi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti sọ pé òun kò ní sùn nínú yàrá tí wọ́n fi páálí ẹja dí fèrèsé rẹ̀, pé gbogbo ológbò Ìgàndó ni yóò máa wá bẹ òun wò. Mo bá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà lẹ́bàá ọjà. Mo ní kó bá mi dín in kù. Ó ní òun kì í dín owó páálí kù, pé bí mo bá ra mílíìkì inú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni páálí. Ẹnu rẹ̀ mú bíi tèmi, inú mi sì dùn sí i. Mo sanwó.

Nítorí ọmọ mi ni mo ṣe fẹ́ dí fèrèsé. Obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́jọ ni mo lò nílé ọkọ kí n tó rí i bí, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjò ọdún yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ikọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, a fi ṣe ẹ̀rín, nítorí ó ń wúkọ́ bí bàbá àgbà, á wúkọ́ tán, á gbá àyà. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Bó bá sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, á dúró, á di ògiri mú, ihò ọrùn rẹ̀ á máa wọlé, á máa jáde. Àwọn kan ní òtútù ni. Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní ikọ́ fée ni, bí ẹni pé bí wọ́n bá sọ ọ́ sókè, ikọ́ náà á gbọ́.

Ẹja yíyan ni mò ń ṣe. Láàárọ̀, màá lọ ra ẹja yìnyín ní Ẹ̀gbẹ́dá, màá fọ̀ ọ́, màá ká a, màá fi igi ìgbálẹ̀ gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, kó dà bí ẹni tó ń jẹ ara rẹ̀. Màá wá tò ó sórí wáyà dúrọ́ọ̀mù mi. Dúrọ́ọ̀mù yẹn, ọgọ́fà náírà ni mo rà á lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ọkọ̀ kan, tó gé e sí méjì tó sì fi wáyà alájà méjì sí i lórí. Ó ní dúrọ́ọ̀mù náà á gbẹ̀yìn mi. Mo ní kó máa bá dúrọ́ọ̀mù náà gbé nígbà yẹn.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé iná la fi ń yan ẹja. Rárá o. Iná á kàn jó o ni. Èéfín ló ń yan ẹja, èéfín ló ń fún un láwọ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó tutù díẹ̀ ni mò ń kó sí i, èyí tí mo ń rà ní àpò-àpò níbi tí wọ́n ti ń la pákó, pẹ̀lú èèpo ọsàn tí mo ti sá. Bí iná bá fẹ́ yọ ojú, màá wọ́n omi sí i lójú. Bí èéfín bá ṣe ki tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹja á ṣe máa dán bíi bàtà tuntun, bẹ́ẹ̀ sì ni oníbàárà á ṣe máa wá ọ̀dọ̀ mi láti Ìyànà Ìpájà. Mo fi iṣẹ́ mi yangàn. N kò tíì rí ẹja ẹnìkan ní ọjà Ìkòtún tó pọ́n bíi tèmi.

Lẹ́ẹ̀rùn, ìta gbangba lẹ́yìn ilé ni dúrọ́ọ̀mù máa ń wà. Tí òjò bá dé, màá gbé e wá sí abẹ́ òrùlé, ní ìdí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òjò kò ti ní bà á. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì là á láàárín láti iwájú dé ẹ̀yìn. Yàrá tèmi ló wà ní ìpẹ̀kun, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dúrọ́ọ̀mù. Ẹ ó béèrè pé ṣé àwọn ayálégbé tó kù kò ṣàròyé. Orí ẹja ni mo fi ń dí wọn lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, màá pín in láti yàrá dé yàrá, ẹni tó bá sì ń jẹ orí ẹja, ibo ló ti fẹ́ rí ẹnu ṣàròyé? Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í gbà, tíṣà obìnrin ará Èkìtì tó wà ní yàrá kejì sí tèmi. Owó ló fi ń ra tirẹ̀. Mo máa ń sọ pé agídí ló ń ṣe é. N kò mọ̀ pé ṣe ló fẹ́ kí ẹnu òun ṣófo.

Ìyá ọkọ mi ti ọ̀nà Oǹdó wá nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ń wúkọ́. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù la máa ń rí i, nítorí náà ìyá rẹ̀ ló wá di olórí ilé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi wo ọmọ, tó ní, “Ìyàwó, òtútù ni. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ lásìkò òjò bí ẹni tó ń sá aṣọ.”

Mo ní, “Ìyá, ooru ló ń mú wa.”

“Ooru kì í pa ọmọ. Ọmọ tí òtútù bá mú, iná la fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ló bá gbé ìkòkò èédú wọ yàrá. Ní ìrọ̀lẹ́, á finná sí i, á gbé e sí ẹsẹ̀ ẹní, á fi òrí pa ọmọ náà láyà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sùn bí ẹja lórí wáyà. Láàárọ̀, orí á máa fọ́ wa. A ní ibà ni. A gbé oògùn ibà mì títí etí mi fi ń hó.

Èmi ní tèmi, mo ti mọ ẹni tó ń pa ọmọ mi. Fọkanáísà ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lẹ táyà ní iwájú ilé wa lójú títì, tó máa ń jó àlòkù táyà láti yọ wáyà inú rẹ̀ tà. Bó bá ti tanná sí i, èéfín dúdú á gòkè bí ọ̀pẹ. Mo jáde sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti so gèlè mọ́ ìdí.

“Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí lọ́mọ ni?”

Ó dìde, ó nu ọwọ́. “Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ káàárọ̀ o, mà.”

“Má kí mi. Pa iná yẹn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń jó táyà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ojoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Ìsinmi. Èéfín tèmi ń gba ojú títì lọ sí Ìkòtún jẹ́ẹ́jẹ́. Tiyín ò jáde nílé rárá, ó ti ń san owó ilé.”

Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ló ń san owó ilé. Kò bínú, ó ní bàbá òun ní ilé tirẹ̀ ní Ìlọrin. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ni mo ti rín in. Mo lọ ra páálí. Páálí kan á lé òtútù ìyá ọkọ mi jáde, á sì lé èéfín fọkanáísà jáde. Mo tú wọn palẹ̀, mo fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ fèrèsé méjèèjì, mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tó ní àwòrán màlúù kọjú síta, èyí tó funfun kọjú sí wa. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń fi ọwọ́ hàn mí ibi tí atẹ́gùn ṣì ń gbà wọlé.

Ọmọ náà kò gbádùn. Ṣe ló ń le sí i.

Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé fún ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Gowon Estate wá mú un lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò níbẹ̀. Mo lọ wò ó ní ọjọ́ kẹjọ, mo bá a tó ń fo okùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé kejì, ó ń kà á sókè, ó kà á dé ogójì kó tó já. Mo dúró sẹ́nu géètì. Èmi tí mi ò gbọ́ kí ọmọ yìí ka ẹẹ́wàá láìsinmi láti oṣù méjì.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, “Oògùn wo lẹ fún un?”

“Ìrẹsì àti ẹ̀wà.”

“Ẹ má fi mí ṣeré jàre. Ṣé pásítọ̀ yín gbàdúrà fún un ni?”

“Pásítọ̀ gbàdúrà fún gbogbo wa. Tòun ti ikọ́ ni mo mú un wá, mi ò sì tíì gbọ́ ikọ́ náà láti ọjọ́ kẹta.”

Mo ní ilé wọn gbẹ ni, tiwa ló tutù, òjò ló fà á. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti òkè délẹ̀. “Àbí òjò Gowon Estate kì í ṣe òjò ni? Àná ni omi gbé bàtà mi lọ.”

Ó yẹ kí n ti gbọ́ ọ níbẹ̀. N kò gbọ́. Mo fún pásítọ̀ wọn ní náírà márùn-ún pẹ̀lú ẹja méjì, mo sì mú ọmọ mi padà sí Ìgàndó lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Ajé, ikọ́ ti dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, òjò ń rọ̀, mo ń kó lẹ́búlẹ́bú sábẹ́ ẹja, ìyá ọkọ mi ń fẹ́ ìkòkò èédú nínú yàrá, ni mo gbọ́ tó ké pé, “Ìyàwó! Ìyàwó!”

Ọmọ náà jókòó lórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ itan. Kò wúkọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ikọ́ ti tán lẹ́nu rẹ̀, ó kù kó rí èémí. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ó wò mí bí ẹni pé mo gbé nǹkan rẹ̀ pamọ́, tó sì ń dúró kí n fún un padà. Mo gbé e kọ́ èjìká, mo jáde sínú òjò. Tíṣà ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú agboòrùn, ó ń pariwo pé kí n má ṣe bò ó lójú, kí n jẹ́ kó rí atẹ́gùn. Ọkọ̀ kan tó ń kó yanrìn ló gbé wa dé ilé ìwòsàn kékeré kan ní ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fi nǹkan sí i nímú. Ó tó ìgbà tí a lè ki ìrun kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí mí bí ènìyàn. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin tó dàgbà, tó wọ bàtà ilé, wá sọ́dọ̀ mi. Ó fi imú fa òórùn etí ìró mi lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìyá, ẹja lẹ ń yan?”

Mo ní, “Ẹ ti mọ̀. Ṣé ẹ máa rà ni?”

Kò rẹ́rìn-ín. “Níbo lẹ ti ń yan án?”

Mo ní ẹ̀yìn ilé. Tíṣà wúkọ́. Mo ní, ó dáa, abẹ́ òrùlé. Tíṣà tún wúkọ́. Mo ní, ó dáa, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wá kó gbogbo ẹjọ́ náà lé fọkanáísà lórí, àti àwọn tó ń jó ààtàn ní Sátidé, àti àwọn ọkọ̀ yanrìn tó ń tú èéfín bí ẹni tó ń bínú. Nọ́ọ̀sì gbọ́ mi tán. Ó ní gbogbo wọn ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, òun kò ní gbèjà ọ̀kankan nínú wọn, nítorí àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń jókòó lójú títì wà lára àwọn tó ń wá wúkọ́ níbí. “Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyẹn ń kọjá lọ. Ọ̀nà tí èémí ọmọ ń gbà kò ju igi ìgbálẹ̀ lọ. Tí èéfín bá ń wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru, inú rẹ̀ á wú, ojú ọ̀nà á sì pa dé. Ẹ gbé iná kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, tàbí kẹ́ ẹ gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ iná. Kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé.”

Mo ní a ti fi páálí dí fèrèsé kí èéfín má baà wọlé.

Nọ́ọ̀sì wo tíṣà. Tíṣà wo àjà.

Wọ́n ní kí ọmọ sùn sọ́dọ̀ àwọn mọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró tì í. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti tíṣà padà sílé láti tú páálí. Ní tòótọ́, n kò tíì gbà. Ìdí iṣẹ́ mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ sí ìdí iṣẹ́ mi, etí kan ni mo fi ń gbọ́ ọ. Mo fi ẹ̀yìn òòlù fa ìṣó, mo gbé páálí àkọ́kọ́ wá sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

Apá tó kọjú síta, níbi tí èéfín fọkanáísà àti táyà rẹ̀ ì bá ti bà á, àwòrán màlúù ṣì wà níbẹ̀ mìnìjọ̀, ó ń fi eyín rẹ́rìn-ín sí mi. Òjò díẹ̀ ló ta sí i, eruku díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá yí i padà. Apá tó kọjú sí wa, èyí tó funfun nígbà tí mo kàn án, ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi ìka fà á, ojú ọ̀nà funfun kan yọ, ìka mi dúdú, ó sì ń ta òórùn ẹja. Oṣù méjì péré.

Ìyá ọkọ mi yọjú. “Ta ló fi ọ̀dà kun páálí?”

Tíṣà ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ìyá ẹlẹ́ja, ohun tó wà lára páálí yìí, òun náà ló wà ní àyà ọmọ yẹn. Àti tiyín. Àti ti màmá.”

Mo ní, “Àǹtí tíṣà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?”

“Mo sọ fún yín lásìkò òjò tó kọjá. Ẹ ní kí n wá gba orí ẹja.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, lẹ́yìn náà ni kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe òjò ló ń mú ikọ́ wá. Bí òjò bá dé, èmi ni mo ń gbé dúrọ́ọ̀mù wọlé. Òjò àti dúrọ́ọ̀mù jọ ń dé lọ́jọ́ kan náà, òjò la sì ń mú.

Mo gbé dúrọ́ọ̀mù jáde lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e jìnnà sí ilé, sí etí àbàtà. Mo fi igi mẹ́rin àti páànù kan ṣe òrùlé fún un. Ìkòkò èédú náà jáde. Ìyá ọkọ mi fi ọjọ́ mẹ́ta bínú, ó ní kí wọ́n má pe òun bí òtútù bá gbé ọmọ lọ. Ọmọ padà wálé, a ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò sùn, mo ń tẹ́tí sí àyà rẹ̀. Ó súfèé díẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó dín kù. Lópin ọ̀sẹ̀, kò sí ohun tí mo ń gbọ́ mọ́ ju ìyá ọkọ mi tó ń hanrun. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, màmá jí, ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó ní, “Orí mi ò fọ́.” Lẹ́yìn náà ló ní òrí tóun fi ń pa ọmọ láyà ló ṣiṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.

Àmọ́ etí àbàtà kò gba ẹja. Atẹ́gùn ń kó èéfín lọ kó tó kan ẹja lára. Ẹja mi funfun, ó ń dá omi, oníbàárà á tẹ̀ ẹ́ wò, á ní, “Ìyá, ṣé ẹ yan èyí ni àbí ẹ kàn fi iná hàn án?” Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìjì gbé páànù mi sọnù sínú àbàtà, ẹja páálí kan bá omi lọ. Mo dúró nínú òjò, mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbẹ, ó dákẹ́. Kí n má parọ́, mo ti di etí dúrọ́ọ̀mù mú kí n fà á wọlé. Ọmọ náà yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, “Màámi, ṣé kí n wá bá yín gbé e?” Mo ju ọwọ́ sílẹ̀.

Mo ní kí wọ́n kéde fún mi pé mo fẹ́ ta á. Obìnrin kan wá láti Àgbàdo, ẹlẹ́ja bíi tèmi, ó ní òun ní ilẹ̀ gbalasa. Ó fi ìṣó ha ara dúrọ́ọ̀mù, ó ní ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Mo ní èéfín ni, kì í ṣe ìpẹtà.

“Ọgbọ̀n náírà.”

Mo ní, “Ṣé ọmọ rẹ ló ń ṣe ọjọ́ ìbí ni, tó o fẹ́ kí n fi ta ọ́ lọ́rẹ? Ọgọ́ta.”

“Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ tà á ná?”

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òjò dórí páálí. Ó tẹ́tí, ó mi orí, ó káàánú mi gan-an, ó sì ní, “Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ yín lẹ fẹ́ tà fún mi ní ọgọ́ta náírà? Ogójì.” Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A parí rẹ̀ sí márùndínláàádọ́ta. Mo ní kó búra pé kò ní gbé e wọ abẹ́ òrùlé, òjò ìbáà fẹ́ gbé e lọ. Ó búra. Ó ní kí ni èènì òun. Mo kó páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún un, kó fi dáná.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹja tútù ni mò ń tà ní Ìkòtún, ọ̀bẹ àti pákó ni irinṣẹ́ mi, kò sí èéfín, kìkì eṣinṣin. Ọmọ mi ṣì máa ń wúkọ́ díẹ̀ nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fo okùn, mo sì ń bá a kà á láti ìdí ẹja. Lọ́jọ́ tí obìnrin Àgbàdo gbé dúrọ́ọ̀mù lọ, ọmọ mi kà á dé ọgọ́ta lójú wa. Dúrọ́ọ̀mù tí mo rà ní ọgọ́fà náírà, tí mo tà ní márùndínláàádọ́ta, àti páálí tí mo rà ní náírà mẹ́ta tí mo fi ṣe èènì: gbogbo àdánù mi, náírà méjìdínlọ́gọ́rin.